Ìtàn Ìgbésí Ayé Tom Morris Àgbà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìlú Ìlọrin níhìn-ín gbà pé eré àwọn ọlọ́rọ̀ ni gọ́ọ̀fù, eré tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò lórí pápá gbalasa. Ṣùgbọ́n ọmọ ahunṣọ ni Tom Morris, ẹni tí ó kọ́ ayé bí a ti ń la pápá gọ́ọ̀fù tí a sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1821 ni wọ́n bí i ní St Andrews, ìlú kékeré kan ní etí òkun ní ilẹ̀ Scotland. Nígbà tí ó tó iṣẹ́ í kọ́, ó lọ sọ́dọ̀ Allan Robertson, ẹni tí ó ń fi awọ àti ìyẹ́ ṣe bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ní nǹkan bí ọdún 1848, bọ́ọ̀lù tuntun tí a fi oje igi ṣe dé, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀gá pé iṣẹ́ òun yóò parẹ́. Nígbà tí Tom fi bọ́ọ̀lù náà gbá gọ́ọ̀fù, ìjà dé, wọ́n sì pínyà.

Ní ọdún 1851, Tom kó lọ sí Prestwick, ó sì la pápá oníhò 12 síbẹ̀. Orí pápá yìí ni ìdíje Open ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Òun fúnra rẹ̀ borí nínú ìdíje náà ní 1861, 1862, 1864 àti 1867.

Nígbà tí ó yá, wọ́n pè é padà sí St Andrews. Ó bá pápá ìlú rẹ̀ nínú ìnira: igbó ẹlẹ́gùn-ún há a mọ́, ẹsẹ̀ èrò sì ti pa koríko rẹ̀. Tom gé igbó, ó mú ọ̀nà fẹ̀, ó sì ń da iyanrìn sí ìdí koríko kí ó lè hù dáadáa. Ó dúró gbọn-in pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ilẹ̀ náà lè sinmi, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ wa ti ń fi oko sílẹ̀ kí ó lè lọ́ràá.

Ayé kò dẹrùn fún un. Tom Kékeré, ọmọ rẹ̀, borí nínú Open lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1875, ìyàwó ọmọ yìí kú lórí ìkúnlẹ̀ tòun ti ọmọ. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún kan náà, Tom Kékeré kú ní ẹni ọdún 24. Síbẹ̀, bàbá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó la pápá sí Dornoch, Muirfield, àti Lahinch ní ilẹ̀ Ireland. Ọdún 1903 ni ó fẹ̀yìn tì. Ó sì kú ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1908.

Títí di òní, ti ìlú ni pápá St Andrews. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àyàfi bí ìdíje ńlá bá wà, àwọn ará ìlú a máa kó ọmọ wọn rìn kiri lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí ó bá tọ́jú ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ní, orúkọ rẹ̀ kì í parẹ́.