Ẹkúndayọ̀ Phillips: Ẹni tí Ó Wá Ohùn Yorùbá Rí Nínú Orin Ìsìn

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Okere, ní ìlú Warri, mọ̀ pé orin ìsìn ní èdè abínibí a máa mú ọkàn ẹni padà sílé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ ni ó mọ làálàá tí Olóògbé Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips ṣe kí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ tó lè bá ara wọn rẹ́.

Ní ọdún 1884 ni a bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ Girama ti C.M.S. ní Èkó ni ó ti kàwé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ìjọ St. Paul, Breadfruit, fi í ṣe atẹdùùrù. Ní 1911 ó tukọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ Trinity College of Music. Nígbà tí ó padà dé ní 1914, ó di olórí àwọn akọrin ní Kàtídírà ti Kristi, Marina, Èkó. Ọdún 48 ni ó fi wà lórí ipò náà.

Ìṣòro ńlá kan ni ó bá nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ orin láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ka iye sílébù, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá lè bá ìwọ̀n orin òyìnbó mu. Wọn kò ka ohùn kún. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́ lẹ́nu akọrin, ìtumọ̀ a sì dàrú.

Òun nìkan kọ́ ni ó rí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn, a sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ohun tí Phillips ṣe ní tirẹ̀ ni pé ó wádìí ọ̀ràn náà dé gbòǹgbò. Kò kórìíra orin òyìnbó; ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ a máa kọ orin Handel. Ṣùgbọ́n ó fetí sí orin àwọn baba wa, ó rí i pé ohùn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lé, ó sì ṣe orin ìjọ tí ń gòkè, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ní 1953 ni a tẹ ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní Johannesburg.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré. Ní 1962, ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí, gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó papòdà ní 1969.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Èdè Itsekiri tí à ń gbọ́ ní Okere, ìbátan Yorùbá ni. Ohùn ni òun náà fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Orin tí ó wà lẹ́nu àgbà nìkan lè bá àgbà lọ. Èyí tí a fi àmì orin kọ sílẹ̀ ni ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi yóò bá nílẹ̀, tí yóò sì lè kọ bí ó ti yẹ.