Ibn al-Nafis: Àáfà Tó Tú Àṣírí Ọkàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò sí àdúgbò tí a kì í ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn mọ́ báyìí. Àwọn dókítà a máa ṣàlàyé pé àrùn méjèèjì bá ara wọn tan. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, á máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, títí kan àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé oúnjẹ fún ọkàn fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dí, apá ibi tó ń bọ́ lára ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé inú iṣan wọ̀nyí ni oúnjẹ ọkàn ti ń wá, àáfà ni. Olùkọ́ Fikihu ni, oníṣègùn sì ni pẹ̀lú.

Orúkọ rẹ̀ ni Ali ọmọ Abu al-Hazm al-Qarshi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ibn al-Nafis, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1210 ni wọ́n bí i ní agbègbè Damasku, ní ilẹ̀ Ṣáàmù. Ilé ìwòsàn tí Sultan Nur al-Din dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1154 ló ti kọ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ al-Dakhwar, àgbà oníṣègùn ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ó ṣí lọ sí Kairo ní Íjíbítì, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi kú. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ kéú ní Fikihu lọ́nà ti Imam Ṣáfíì ní madrasa Masruriyya. Ó kọ ìwé lórí ìmọ̀ Hadiisi. Nígbà tí al-Subki wá ń kọ ìtàn àwọn àáfà onílànà Ṣáfíì, ó kọ orúkọ oníṣègùn yìí mọ́ wọn. Àwọn kan láàárín wa ṣì ń bi ọmọ léèrè pé ṣé kéú ló fẹ́ kọ́ ni àbí ìwé. Ìbéèrè yẹn ìbá ya Ibn al-Nafis lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ọkàn. Láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀ ni Galen ará Gíríìkì, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jalinus, ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń gba àwọn ihò tí ojú kò lè rí lára ògiri àárín ọkàn, láti yàrá ọ̀tún bọ́ sí yàrá òsì. Gbogbo oníṣègùn gbà á bẹ́ẹ̀. Ibn Sina náà gbà á, ìwé rẹ̀ al-Qanun sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣègùn níbi gbogbo. Ibn al-Nafis jókòó láti ṣàlàyé apá tó dá lórí ẹ̀yà ara nínú al-Qanun. A ní ẹ̀dà iṣẹ́ náà tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọdún 640 Hijira, ìyẹn 1242. Ọmọ bí ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà.

Nígbà tó dé ibi ògiri yẹn, ó ní rárá o. Ògiri náà nípọn, ó dì gbagidi, kò ní ihò tí ojú lè rí, kò sì ní èyí tó fara pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ yàrá ọ̀tún ń gba inú iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pò pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, tí yóò fi gba iṣan mìíràn padà sí yàrá òsì. Ó ní ọ̀nà tóóró kan ní láti wà láàárín irú iṣan méjèèjì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún 1661 ni Malpighi ará Ítálì tó fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá rí i. Ibn Sina ní yàrá mẹ́ta ló wà nínú ọkàn. Ó ní méjì ni. Ibn Sina ní inú ẹ̀jẹ̀ yàrá ọ̀tún ni ọkàn ti ń jẹun. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, inú àwọn iṣan tó tàn ká ara ọkàn ni.

Kì í ṣe pé ó kórìíra Ibn Sina o. Òun náà ló ké al-Qanun kúrú sínú ìwé tó pè ní al-Mujaz, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé káàkiri. Bí ó ti bọ̀wọ̀ fún un tó, kò fọwọ́ sí ohun tí ẹ̀rí kò gbè lẹ́yìn. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ̀ pé òfin Ṣẹria àti àánú inú òun kò jẹ́ kí òun máa la òkú. Àwọn onímọ̀ òde òní kan kò gbà pé èèyàn lè mọ gbogbo èyí láìla òkú. Ní tèmi, mi ò rí ìdí tí a ó fi pe àáfà ní onírọ́. Ẹ má sì jẹ́ ká sọ jù bó ṣe wà lọ: kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń yí gbogbo ara po. William Harvey ará Ìlú Ọba ló fi ìyẹn hàn ní 1628.

Bó ṣe ń kọ̀wé tilẹ̀ jẹ́ ìtàn. Wọ́n á ti gbẹ́ kálàmù púpọ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ọ̀kan bá kú lẹ́nu, á jù ú nù, á mú òmíràn, kí ó má baà dúró gbẹ́ ẹ. Orí ló ti ń kọ ọ́, kì í ṣí ìwé kankan wò. Lọ́jọ́ kan ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ní ilé ìwẹ̀, ó bá jáde, ó ní kí wọ́n gbé tákàdá àti tàdáwà wá, ó kọ ìwé kan lórí bí iṣan ṣe ń lù, ó parí rẹ̀, ó sì padà lọ wẹ ìyókù. Ìwé ńlá rẹ̀, al-Shamil, ọ̀ọ́dúnrún apá ló fẹ́ kó jẹ́. Ọgọ́rin ló parí.

Ní 687 Hijira, ní oṣù kejìlá 1288, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà bí a bá fi oṣù ojú ọ̀run kà á. Àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó mu ọtí díẹ̀, pé yóò ràn án lọ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní lọ pàdé Ọlọ́hun pẹ̀lú ọtí nínú ara òun. Ó fi ilé rẹ̀ àti gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní Kairo ní 1284.

Ohun tó dùn mí ni pé lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ ló ka ọ̀rọ̀ ògiri ọkàn yẹn sí. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa pariwo pé àwọn òyìnbó jí ìmọ̀ wa, nítorí pé Servetus kọ irú rẹ̀ ní Yúróòpù ní 1553. Kí a tó pariwo, èdè tí a fi ń ka Àlùkùràánì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, àwa tí a gbọ́ èdè ọ̀hún ni a kò ṣí i. Ní 1924, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì kan, Muhyi al-Din al-Tatawi, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Freiburg ní Jámánì, ka ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ kan tó wà ní ilé ìkàwé Berlin, ó sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì. Max Meyerhof, dókítà ojú ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kairo, gbé e lárugẹ, ó túmọ̀ ibi tó kan ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní àwọn ọdún 1930.