Edwin Howard Armstrong

Edwin Howard Armstrong (18 Oṣù Kejìlá 1890 – 31 Oṣù Kínní 1954) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti olùpilẹ̀ṣẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ jùlọ: sákíìtì adápadà ti ọdún 1912, rédíò superheterodyne ti ọdún 1918, àti ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ FM tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní ọdún 1933. Ìṣòro kan náà ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà: bí ẹ̀rọ yóò ṣe ṣa ohùn kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ ohùn tó wà nínú afẹ́fẹ́, tí yóò gbé e sókè, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó là ni àwọn rédíò tí wọ́n ń gbọ́ ní Yaba, Surulere àti Mushin ṣì ń tọ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ gba ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ lórí òmíràn kò sì tíì parí nígbà tí ó kú.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Armstrong ní agbègbè Chelsea ní ìlú New York. Òun ni àkọ́bí, ó sì ní àbúrò obìnrin méjì. Bàbá rẹ̀, John Armstrong, ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Oxford University Press tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀, Emily Smith, jẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ṣe àìsàn kan tó máa ń mú kí iṣan ara ṣàdédé fà. Ó kúrò ní ilé-ìwé fún ọdún méjì nítorí rẹ̀. Àìsàn náà fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí iṣan rẹ̀ a máa fà nígbàkígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná sí nǹkan.

Ẹbí náà kó lọ sí Yonkers, létí odò Hudson. Níbẹ̀ ni Armstrong ti ka ìtàn àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ bíi Marconi, tí ó sì pinnu pé òun náà yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ri òpó kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 125 mọ́ ẹ̀yìn ilé wọn láti fi gbé ẹ́ríà rédíò rẹ̀ sókè. Ẹ̀rù gíga kì í bà á rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí títí ó fi dàgbà.

Ẹ̀kọ́ ní Columbia àti sákíìtì adápadà

Ní ọdún 1909 ó wọ Yunifásítì Columbia láti kọ́ nípa ẹ̀rọ iná mànàmáná. Alùpùpù ni ó ń gùn láti Yonkers lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Pupin wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ní àkókò náà, rédíò kò ní agbára. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá kì í fi bẹ́ẹ̀ tó ohun tí etí lè gbọ́. Lee de Forest ti ṣe gílóòbù kan tó ń jẹ́ audion ní ọdún 1906. Ó jẹ́ irú fáàfù tó ní ojú mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ dájúdájú, títí kan de Forest fúnra rẹ̀. Armstrong fi ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele ìpele. Ó rí i pé iná tó ń jáde lára fáàfù náà ṣì gbé ìgbì tó wọlé dání, tí ó sì ti lágbára ju bí ó ti wọlé lọ. Ó wá dá díẹ̀ lára rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé, kí fáàfù lè tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ dà bí ẹni tó ń ti ọmọdé lórí jáńgílófà. Bí a bá ń tì í ní àsìkò tó bá lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ mu, ìtì kékeré yóò gbé e lọ sókè réré. Bí àsìkò kò bá bá ara mu, asán ni ìtì náà. Bákan náà ni sákíìtì adápadà ń ṣe: ìgbì tí fríkúẹ́ńsì rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bá ti sákíìtì mu ni ó ń gbé sókè, àwọn tí kò bá a mu á sì wà nísàlẹ̀. Agbára àti ìṣàyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà láti ara fáàfù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Bí ohun tí a dá padà bá pọ̀ jù, sákíìtì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, yóò sì máa tú ìgbì tirẹ̀ jáde tí yóò dí rédíò aládùúgbò lọ́wọ́. Armstrong rí i pé àléébù náà wúlò, nítorí pé fáàfù tó ń súfèé lè di ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́.

Bàbá rẹ̀ kọ̀ láti fún un ní owó ìwé ẹ̀tọ́ kí ó tó parí ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ní 31 Oṣù Kínní 1913, ó mú àwòrán sákíìtì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ òfin kan kí ó lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Ní ọdún náà ni ó gboyè, ó sì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ní Oṣù Kẹwàá. Wọ́n fún un ní 6 Oṣù Kẹwàá 1914.

Superheterodyne

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọdún 1917, Armstrong di ọ̀gágun nínú ẹ̀ka ìfìmọ̀ránṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí Paris. Ibẹ̀ ni ó ti kojú ìṣòro mìíràn. Àwọn fáàfù ìgbà náà kò lè gbé ìgbì tí fríkúẹ́ńsì rẹ̀ ga sókè dáadáa. Bí a bá sì to ìpele agbóhùnsókè púpọ̀ lé ara wọn, a ní láti tún gbogbo wọn yí lọ́kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ibùdó mìíràn.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí rédíò má ṣe máa lé ìgbì kiri mọ́. Kí ó mú gbogbo ìgbì tó bá fẹ́ gbọ́ wá sí ibì kan náà, níbi tí àwọn sákíìtì tí a ti tò dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti ń dúró dè é. Sákíìtì kékeré kan nínú rédíò ń ṣe ìgbì tirẹ̀. Bí a bá da ìgbì yìí pọ̀ mọ́ èyí tó ti òde wá, ìgbì mìíràn yóò jáde tí fríkúẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì.

Àwọn ibùdó FM ní Èkó lè fi èyí hàn. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò FM, 10.7 megahertz ni ibi kan náà tí gbogbo ìgbì ń wá. Láti gbọ́ Unilag FM tó wà lórí 103.1 ní Akoka, Yaba, rédíò yóò ṣe ìgbì 113.8 nínú ara rẹ̀; ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.7. Bí a bá yí i sí Raypower lórí 100.5, ìgbì inú rẹ̀ yóò di 111.2, ìyàtọ̀ náà yóò sì tún jẹ́ 10.7. Ní àkókò yìí, Unilag FM yóò bọ́ sí 8.1, àwọn sákíìtì tó ń dúró ní 10.7 yóò sì tì í sẹ́yìn. Ọgbọ́n náà kò ṣàìní àbùkù tirẹ̀: ìgbì tó bá wà lórí 121.9 náà yóò fún 111.2 ní ìyàtọ̀ 10.7. Ìdí nìyí tí a fi ń fi sákíìtì aṣàyàn kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rédíò, kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ má baà bá ẹni tí a ń retí wọlé.

Armstrong gba ìwé ẹ̀tọ́ superheterodyne ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1920. Lucien Lévy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ irú èrò náà sílẹ̀ ní ọdún 1917, Walter Schottky ní Jámánì náà sì ronú kàn án ní ọdún 1918. Nígbà tí ó yá, púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ náà di ti Lévy ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Armstrong ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ṣeé lò.

Ọrọ̀ àti ìgbéyàwó

Ní ọdún 1920 ilé-iṣẹ́ Westinghouse ra ẹ̀tọ́ sákíìtì adápadà àti superheterodyne lọ́wọ́ rẹ̀ ní 335,000 dọ́là. Ní ọdún 1922 ilé-iṣẹ́ RCA san 200,000 dọ́là àti ìpín ìdókòwò 60,000 fún sákíìtì mìíràn tí ó ṣe. Ó di olówó, kò sì sí ẹnìkan tí ìpín rẹ̀ ní RCA pọ̀ tó tirẹ̀. Ó ń bá David Sarnoff, ọ̀gá ní RCA, ṣọ̀rẹ́. Ọ́fíìsì Sarnoff ni ó ti pàdé Marion MacInnis, tí í ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1 Oṣù Kejìlá 1923. Rédíò superheterodyne kan tó ṣeé gbé káàkiri ni ẹ̀bùn tí ó ṣe fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹjọ́ pẹ̀lú de Forest

De Forest sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ rí sákíìtì adápadà, nítorí pé fáàfù òun ti súfèé nígbà tí wọ́n ń dán ẹ̀rọ tẹlifóònù kan wò ní ọdún 1912. Ẹjọ́ náà lọ láti ilé-ẹjọ́ kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Armstrong kọ́kọ́ jàre, lẹ́yìn náà ó jẹ̀bi. Ní ọdún 1934, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá de Forest láre pátápátá.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ gbà pé ìmọ̀ ẹ̀rọ inú ọ̀rọ̀ náà kò yé ilé-ẹjọ́, pé kí fáàfù ṣàdédé súfèé yàtọ̀ sí kí ènìyàn mọ ìdí rẹ̀ kí ó sì mọ ohun tí a lè fi ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò ti fún Armstrong ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ dá a padà lẹ́yìn ìdájọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kọ̀ láti gbà á, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni ó tọ́ sí.

FM

Ariwo ni ọ̀tá tó kù. Nínú ọ̀nà AM, gíga ìgbì ni ó ń yí padà láti gbé ohùn. Mànàmáná ojú ọ̀run àti ẹ̀rọ iná náà sì ń da gíga ìgbì rú, nítorí náà rédíò kò lè ya ariwo kúrò lára ohùn. Armstrong fi gíga ìgbì sílẹ̀ bí ó ti rí, ó jẹ́ kí fríkúẹ́ńsì rẹ̀ ni ó máa yí padà. Rédíò wá lè gé gbogbo ohun tó bá yọ sókè lára ìgbì náà dànù láìpa ohùn lára. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú FM ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi dín àyè tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gbà kù, kò sì wúlò fún wọn. Armstrong fẹ àyè náà sí i, ìyẹn ni ó sì ṣẹ́gun ariwo.

Wọ́n fún un ní àwọn ìwé ẹ̀tọ́ FM ní 26 Oṣù Kejìlá 1933. Ó dán an wò láti orí ilé Empire State títí RCA fi ní kí ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò ní ọdún 1935. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó fi FM han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní New York. Láti Yonkers ni ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ náà ti wá, àwọn tó péjọ sì gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú ife àti bí ìwé ṣe ń ya, láìsí ariwo kankan. Ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ibùdó FM sí Alpine ní ìpínlẹ̀ New Jersey.

Ìjà pẹ̀lú RCA àti ikú rẹ̀

Ní ọdún 1940 RCA fẹ́ san mílíọ̀nù kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹ̀tọ́ FM. Armstrong kọ̀, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ń san owó ìlò lórí rédíò kọ̀ọ̀kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà lo FM rẹ̀ fún iṣẹ́ ológun lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1945 ìjọba kó FM kúrò ní ibi tí ó wà lọ sí 88 dé 108 megahertz. Gbogbo rédíò FM tí àwọn ènìyàn ti rà ṣáájú di aláìwúlò.

Ó pe RCA lẹ́jọ́ ní ọdún 1948. Àwọn agbẹjọ́rò fi ìbéèrè fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ọjọ́ orí ìwé ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ FM sì pé ní ọdún 1950 kí ẹjọ́ tó parí. Owó rẹ̀ ń tán, ara rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́, aáwọ̀ sì wọ àárín òun àti Marion, tí ó lọ bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Connecticut. Ní alẹ́ 31 Oṣù Kínní 1954, ó kọ lẹ́tà ìdágbére sí ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ ní New York. Ọdún mọ́kànlélógójì géérégé ni ó fi tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́.

Marion kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1954, RCA gbà láti san owó tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ṣẹjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì borí. Motorola ni ó kẹ́yìn, ní ọdún 1967.

Ipa rẹ̀ ní Èkó

Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1 Oṣù Kejìlá 1935, ṣùgbọ́n wáyà ni ó ń gbé ohùn dé ilé. Ẹ̀rọ kan ní ibùdó ni ó ń gba ètò láti London, àpótí tó wà nílé oníbàárà kò sì ní ohun tí a fi ń ṣa ibùdó. Ohun tí ibùdó bá fi ránṣẹ́ ni ará ilé yóò gbọ́. Ó kàn lè dín ohùn rẹ̀ kù tàbí kí ó pa á. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ yẹ fún orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì.

Rédíò tó ń gba ìgbì fúnra rẹ̀ ni ó gbé àṣàyàn lé olùgbọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ìjọba fàyè gba ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 1992, ibùdó FM pọ̀ sí i ní Èkó. Ẹni tó ń yí rédíò láti ibùdó kan sí òmíràn nínú ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù ní Mushin ń lo iṣẹ́ méjì lára iṣẹ́ Armstrong papọ̀: FM tó lé ariwo lọ, àti superheterodyne tó ń ṣa ohùn kan láàárín ọ̀pọ̀.