Ìmáámù An-Nawawi àti Ìtọ́jú Àkókò: Àríkọ́gbọ́n fún Akẹ́kọ̀ọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi òru tẹ̀lé ọ̀sán. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀ ń sọ fún wa pé àkókò kò tó. A rí i pé ó yẹ kí á sọ ìtàn ẹni kan tí ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n tí a kò tíì ka àwọn ìwé rẹ̀ tán títí di òní.

Orúkọ rẹ̀ ni Yahya ọmọ Sharaf, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìmáámù An-Nawawi. Wọ́n bí i ní ọdún 631 Hijira (1233) ní Nawa, ní ilẹ̀ Síríà. Ní kékeré, bàbá rẹ̀ fi í sí ìsọ̀ kí ó máa tajà, ṣùgbọ́n òwò kò gba ọkàn rẹ̀ kúrò níbi Àlùkùránì. Ní ọdún 649 (1251), bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Dímáṣíkì, ó sì ń gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ Rawahiyya. Láàrin nǹkan bí oṣù 4 ààbọ̀, ó ti há At-Tanbih, ìwé fíkì ti ọ̀nà Ìmáámù Shafi'i, sórí.

Ẹ fiyè sí bí ó ṣe pín ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ 12 ni ó ń kà lójoojúmọ́ níwájú àwọn àáfáà rẹ̀: fíkì, hádíìsì, náháwù, sáráfù, ìmọ̀ èdè, ìpìlẹ̀ fíkì, ìmọ̀ nípa àwọn tí ó gba hádíìsì wá, àti ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn. Kì í gbọ́ ẹ̀kọ́ lásán. Ó ń kọ àlàyé ibi tí ó le sílẹ̀, ó sì ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè ṣì pè. Bí ó bá ń rìn lọ́nà, ohun tí ó kọ́ ni ó ń tún kà. Nǹkan bí ọdún 6 ni ó fi ṣe báyìí.

Nígbà kan, ó fẹ́ fi ìmọ̀ ìṣègùn kún un. Ó ra Al-Qanun, ìwé Ibn Sina. Òkùnkùn bo ọkàn rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan sì kọjá tí kò lè ṣe ohunkóhun. Nígbà tí ó ronú kan ìdí rẹ̀, ó ta ìwé náà, ọkàn rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ìmọ̀ ìṣègùn kò burú o. Ẹrù tirẹ̀ ni ó ti kún. Ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú.

Ní ọdún 665 (1267), ó di olórí Dar al-Hadith Al-Ashrafiyya ní Dímáṣíkì. Ó kọ Riyadh as-Salihin, Al-Arba'in, Minhaj at-Talibin àti àlàyé Sahih Muslim. Ó kú sí Nawa ní ọdún 676 (1277), nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ọdún 45 nínú kíkà Hijira. Al-Majmu' wà nílẹ̀ láìparí.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹ mú bébà, kí ẹ pín in sí ọjọ́ 7. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìrun 5 sí i, nítorí wákàtí wọn kò yẹ̀. Ẹ kọ àkókò ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e, kí ẹ wá yan ìwé fún ẹ̀yìn Àsùbá àti ẹ̀yìn Ìṣáì. Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá gbọ́ ní Àtìní, ẹ má jẹ́ kí Àlàrùbá kọjá kí ẹ tó tún un kà. Ẹ fi Àlàmísì sílẹ̀ fún èyí tí ó ṣẹ́kù àti aṣọ fífọ̀. Ohun tí kò bá ráyè nínú bébà yẹn, ẹ ní sùúrù fún un di sáà mìíràn, bí Ìmáámù ti ṣe.

A kò sọ pé kí ẹ fi oorun du ara yín bíi tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ ara ni oorun, ẹ kọ òun náà sínú ètò yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi oṣù 3 ṣeré, tí ó wá ń fi àìsùn òru kan lé ìdánwò bá, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ìmáámù An-Nawawi, kí Ó sì fi alùbáríkà sí àkókò wa. Àmín.