Ìtàn Ìgbésí Ayé James Churchwill Vaughan: Ọmọ South Carolina Tí Ó Di Ará Èkó

  Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a tún mú ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan wá fún yín tí a lè kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ẹni yìí, kì í ṣe ọmọ Mẹ́tọ́díìstì, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kan gbogbo wa. Orúkọ rẹ̀ ni James Churchwill Vaughan. Ìlú Camden ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1828. Èkó ni ó sì kú sí ní ọdún 1893.

Kí a tó mọ ìdí tí ó fi kúrò ní ìlú tí wọ́n bí i sí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ibi tí ó jẹ́. Ní ọdún 1663, Charles Kejì tí ó jẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ kan tí ó fẹ̀ ta àwọn ìjòyè rẹ̀ mẹ́jọ lọ́rẹ. Orúkọ ọba náà ni wọ́n fi pe ilẹ̀ yìí ní Carolina, nítorí Carolus ni Charles ń jẹ́ ní èdè Látìnì. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn onílẹ̀ léèrè. Ní ọdún 1670 àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí ibẹ̀, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ni a ń pè ní Charleston lónìí. Ní ọdún 1712 wọ́n pín Carolina sí méjì, ti Àríwá àti ti Gúúsù, gómìnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n fi jẹ lé wọn lórí.

Ìrẹsì ni ó sọ South Carolina di ọlọ́rọ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń gbin ìrẹsì náà nínú àbàtà, púpọ̀ nínú wọn sì ti mọ iṣẹ́ yìí láti ilé wá. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1708, àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ ju àwọn òyìnbó lọ ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn olówó ẹrú. Ní ọdún 1739, àwọn ẹrú kan dìde ogun lẹ́bàá odò Stono. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba ṣe òfin líle, lára rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú bí a ti ń kọ̀wé.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìstì kò lè gbàgbé ìpínlẹ̀ kejì tí ó bá a pààlà, èyíinì ni Georgia. Ọdún 1733 ni wọ́n tẹ ilẹ̀ náà dó. Ní ọdún 1735, àwọn tí ń ṣàkóso rẹ̀ ṣe òfin pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú níbẹ̀. John Wesley fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Georgia ní oṣù kejì ọdún 1736, ó sì kúrò níbẹ̀ ní òpin ọdún 1737. Ó dé Charleston pẹ̀lú, ó sì fojú ara rẹ̀ rí oko ẹrú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Georgia ń wo ọrọ̀ South Carolina, ojú wọn wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ títí òfin náà fi yí padà. Láti ọdún 1751 ni ẹrú ti di ohun tí òfin gbà ní Georgia. Ní ọdún 1774, Wesley tẹ ìwé kan jáde láti tako òwò ẹrú. Ó ti di àgbàlagbà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohun tí ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Camden. Scipio Vaughan ni orúkọ bàbá Churchwill. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì di òmìnira. Ìdílé náà gbà pé Yorùbá ni, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ sọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kó o. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọdún 1830 ni Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ dìlú, Scipio sì ti wà ní Camden ṣáájú ìgbà náà. Maria Conway ni orúkọ ìyá rẹ̀. Bonds Conway tí ó jẹ́ bàbá Maria ti fi owó ra ara rẹ̀ kúrò lóko ẹrú ní ọdún 1793, ilé rẹ̀ sì wà ní Camden títí di òní tí àwọn ènìyàn ń lọ wò ó.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí fún olówó rẹ̀, ọmọ ilé ni. Ní South Carolina kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ni pé ohun tí ìyá bá jẹ́ ni ọmọ yóò jẹ́. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ inú rẹ̀ kí ó tó dáyé, bí ọ̀gá tilẹ̀ ni ó lóyún náà. Bí ìyá bá jẹ́ òmìnira, òmìnira ni ọmọ. Nítorí náà, ipò Maria ni ó gba Churchwill àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ là. Bí Maria bá ti jẹ́ ẹrú ni, òmìnira bàbá wọn kò ní wúlò fún wọn.

Ṣùgbọ́n irú òmìnira wo ni? Ní ọdún 1820, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kò sí ẹni tí ó lè dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1822, lẹ́yìn tí wọ́n so Denmark Vesey àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ̀ ní Charleston nítorí wọ́n ní wọ́n gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀, òfin mìíràn tún jáde. Ọkùnrin dúdú tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 15, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òmìnira, gbọ́dọ̀ ní òyìnbó tí yóò ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá sì jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọdọ̀ padà wọlé. Ní ọdún 1834 wọ́n fi òfin ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú pa, ti ẹrú àti ti òmìnira. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Churchwill ti dàgbà tí ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Nígbà tí Scipio ń kú lọ, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kúrò ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lọ sí Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Churchwill. Ní ọdún 1852 ó dágbére fún ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Làìbéríà. Ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà ti ń tẹ̀dó láti ọdún 1822, tí wọ́n sì gba òmìnira ní ọdún 1847. Ẹ rántí òfin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ kúrò ní South Carolina, ó mọ̀ pé òfin ti sé ọ̀nà ilé mọ́ òun.

Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ni wọ́n mú un dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1855, nítorí wọ́n nílò gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò bá wọn kọ́ ilé. Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, ni ó ṣí ọ̀nà fún wọn. Ìdùnnú ni yóò jẹ́ fún àwa ará Kìṣí láti gbọ́ pé nígbà tí Bowen gbéra ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1849, Ìgbòho tí ó jẹ́ aládùúgbò wa ni ibi tí wọ́n rán an sí. Ogun àti ìdènà ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, Ìjàyè ni ó wá fìdí kalẹ̀ sí.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà tí ó gba Vaughan síṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó bí i. Ní ọdún 1845, ní ìlú Augusta ní Georgia, ni wọ́n ya kúrò lára àwọn ará wọn ti Àríwá, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè ṣe míṣọ́nnárì. Kí a má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìstì Amẹ́ríkà náà pín sí méjì ní ọdún 1844 nítorí bíṣọ́ọ̀bù kan ní Georgia tí ó ní ẹrú. Wọn kò sì tún dọ̀kan títí di ọdún 1939. Vaughan mọ irú àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ó tẹra mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìjàyè nígbà náà jẹ́ ìlú ńlá lábẹ́ Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú náà jẹ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn ni ó sì wà lábẹ́ àṣẹ Kúrunmí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní ọba, ogun sì bẹ́ láàrin Ìjàyè àti Ìbàdàn ní ọdún 1860. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Gbogbo ohun tí Vaughan fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó run. Láàrin àwọn ọdún ìdààmú wọ̀nyí, ó ti bọ́ sí ìgbèkùn rí, ó sì ti gbé ìbọn rí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ayé ti rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1860, tí Ìjàyè ń jà, South Carolina ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ya kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí ẹrú. Ní Charleston ni wọ́n ti yin ìbọn àkọ́kọ́ ogun abẹ́lé wọn ní oṣù kẹrin ọdún 1861. Ogun ń jó ilé tí Vaughan ti wá, ogun ń jó ilé tí ó wá sí. Owó tí àwọn míṣọ́nnárì ń retí láti òkèèrè dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1865, ogun ti Amẹ́ríkà parí, oko ẹrú sì dópin níbẹ̀.

Abẹ́òkúta ni Vaughan sá lọ lẹ́yìn Ìjàyè, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò níbẹ̀ tí wọ́n sì fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Vaughan tún di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Èkó. Ìgbà kẹta nìyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó fi iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí ìsọ̀ tí ó ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Èkó ń gbòòrò nígbà náà, gbogbo ènìyàn ni ó ń kọ́lé, Vaughan sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ńlá ìlú náà.

Ní àwọn ọdún tí àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi kò sí ní Èkó, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó di ìjọ mú. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Ìyáàfin Sarah Harden, opó míṣọ́nnárì kan tí ó kú ní ọdún 1864. Obìnrin yìí kò jẹ́ kí iná ìjọ kú. Nígbà tí àwọn òyìnbó padà dé ní ọdún 1875, wọ́n fẹ́ máa fi ọ̀gá hàn lórí àwọn tí ó tọ́jú ilé dè wọ́n. Ìjà dé ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ Moses Ladejo Stone, oníwàásù ọmọ Yorùbá, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1888, Vaughan wà lára àwọn tí ó ṣáájú ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ìbílẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer lẹ́yìn náà. Òun ni ìjọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà tí kò sí lábẹ́ òyìnbó kankan. Ọkùnrin tí òfin South Carolina ní ó gbọ́dọ̀ ní òyìnbó alágbàtọ́, òun ni ó fi hàn ní Èkó pé ọmọ Ọlọ́run kò nílò alágbàtọ́ nínú ilé Bàbá rẹ̀.

Sarah Ọmọ́táyọ̀ ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ tí ó kàwé tí ó sì lókìkí. Nínú ìran rẹ̀ ni Dókítà James Churchill Vaughan ti jáde, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1934. Nínú ìran náà, láti ìhà ìyá rẹ̀, ni Kofoworọla Moore ti wá, ẹni tí a mọ̀ sí Lady Ademọla lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1935 ó gba oyè ní Yunifásítì Oxford, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1958, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kú ní ọdún 2002.

Àwọn Vaughan tí ó kù ní Amẹ́ríkà àti àwọn ti Nàìjíríà kò sì gbàgbé ara wọn. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, àwọn ọmọ mọ orúkọ ìbátan wọn tí ó wà ní òdìkejì òkun. Òfin ní ẹni tí ó bá jáde kò gbọdọ̀ padà, ṣùgbọ́n òfin kò lè dí ẹnu ìyá tí ń sọ ìtàn ìdílé fún ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí. Òfin burúkú fi inú Maria Conway wọn iye tí ọmọ rẹ̀ jẹ́. Olúwa fi inú kan náà dá ìran kan sí tí ilẹ̀ méjì jàǹfààní rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ ìtàn ìdílé wa fún àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti wá. Bí ogun bá sì tú wa ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní agbára láti bẹ̀rẹ̀. Àmín.