Ọ̀gágun Ojú Omi Henry Leeke

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ni kò tíì fi ojú kan òkun rí. Síbẹ̀ ọwọ́ atukọ̀ kan wà nínú ìtàn ìwé Yorùbá tí wọ́n ń kà. Henry Leeke ni orúkọ rẹ̀.

Láti kékeré ni ó ti wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ayé ìgbà tí ìgbòkun àti afẹ́fẹ́ ń gbé ọkọ̀ rìn. Nígbà tí ó di olórí ọkọ̀ Myrmidon, a rán an sí etíkun wa láti máa lépa àwọn tí ń kó ẹrú. Iṣẹ́ náà le, nítorí ibà ń pa àwọn atukọ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ó mú ọkọ̀ Potogí kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Èkó pẹ̀lú ẹrú 187. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, wà nínú wọn. Leeke kó òun àti ọmọkùnrin mélòó kan sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Jìnnìjìnnì bò wọ́n; wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni ọta àgbá tí wọ́n rí. Wọn kò mọ̀ pé olùgbàlà ni ó dé.

Ní Sàró ni Àjàyí ti kàwé tí ó sì di Samuel Crowther. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864, Leeke, tí ó ti darúgbó, wà níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1870.

Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kò mọ ibi tí èso rẹ̀ yóò ti so.