Ìtàn Mánigbàgbé: Janet Arnold, obìnrin tó fi àkísà àtijọ́ kọ́ àwọn aránṣọ níṣẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni Janet Arnold, onímọ̀ nípa ìtàn aṣọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri. Lára rẹ̀ ló ti rí bí àwọn aránṣọ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń gé aṣọ, tí wọ́n sì ń rán an, ní ohun tó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn.

Ìlú Bristol ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1932. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ, ó sì di olùkọ́. Ìṣòro kan wà tó máa ń dojú kọ ẹni tó bá fẹ́ rán irú aṣọ tí àwọn ará àtijọ́ wọ̀. Àwòrán àwọn ọba àti ìjòyè pọ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ń fi àwọ̀ àti ẹwà aṣọ hàn. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ bí wọ́n ṣe gé apá, ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú aṣọ, tàbí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló lè sọ ọ́, aṣọ ọ̀hún sì rèé, kòkòrò ń jẹ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́.

Tépù àti pẹ́ńsù

Arnold bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí òmíràn. Kì í tú aṣọ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Yóò fara balẹ̀ wọn ègé kọ̀ọ̀kan, yóò yẹ ojú abẹ́rẹ́ wò, yóò sì ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà ní ìwọ̀n kékeré tí aránṣọ lè sọ di títóbi padà.

Kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Lọ́dún 1964, ó gbé ìwé Patterns of Fashion àkọ́kọ́ jáde, lórí aṣọ obìnrin láti ọdún 1660 sí 1860. Èkejì tẹ̀lé e lọ́dún 1966. Èyí tó jáde lọ́dún 1985 dá lé aṣọ tọkùnrin tobìnrin láàárín ọdún 1560 sí 1620. Àwọn tó ń rán aṣọ fún eré orí ìtàgé sọ àwọn ìwé náà di atọ́nà.

Aṣọ inú ibojì

Lára aṣọ tó yẹ̀ wò ni èyí tí wọ́n fi sin Eleonora di Toledo, aya olórí ìlú Florence ní Ítálì, tó kú lọ́dún 1562. Aṣọ ṣẹ́dà tí wọ́n fi àrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni, àmọ́ ó ti jẹrà nínú ibojì. Arnold bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti mọ bí ègé kan ṣe bá èkejì mu. Aṣọ náà wà ní ààfin Pitti ní Florence di òní.

Lọ́dún 1988, ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí aṣọ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Àkọsílẹ̀ ẹrù ọbabìnrin náà ti ọdún 1600 ló gbé e kà, ó sì fi àwòrán àti aṣọ ìgbà náà tó ṣẹ́ kù wé ohun tí àkọsílẹ̀ sọ.

Ikú dé lọ́dún 1998, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 66, iṣẹ́ sì kù nílẹ̀. Jenny Tiramani àti Santina Levey ló parí ìwé kẹrin, tó jáde lọ́dún 2008. Tiramani yìí náà ló gba àmì ẹ̀yẹ Tony lọ́dún 2014 fún aṣọ tó ṣe fún àwọn òṣèré eré Shakespeare, Twelfth Night.

Ní London lónìí, ilé ẹ̀kọ́ kan, The School of Historical Dress, ń bá iṣẹ́ náà lọ. Bí aṣọ kan bá tilẹ̀ gbó tán pátápátá, ẹni tó bá ní ìwé Arnold, sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ ṣì lè rán òmíràn bíi rẹ̀.